Iyè Ọmọ àti Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Bí a bá di ìkókó mú lábẹ́ abíyá, tí a sì jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, yóò máa gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń rìn. Nígbà tí ó bá tó bí oṣù 2, ìgbésẹ̀ náà a dáwọ́ dúró. Kí ni ó mú un lọ?

Ọpọlọ ni, ni ìdáhùn àwọn amòye fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní bí ọpọlọ ti ń gbó sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi òfin de ìṣe àìmọ̀ náà, bí baálé ti í pàṣẹ kí ariwo dákẹ́ nínú ilé. Ìdáhùn yìí dùn létí.

Ṣùgbọ́n Esther Thelen, obìnrin ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé ọmọ tí kò gbé ẹsẹ̀ mọ́ ní ìnàró ṣì ń ta ẹsẹ̀ bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ìṣísẹ̀ méjèèjì sì jọra púpọ̀. Ọpọlọ ha lè de ẹsẹ̀ ní ìnàró, kí ó sì tú u sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ bí? Ní ọdún 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ki ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ọwọ́ bọ inú omi: ìgbésẹ̀ pọ̀ sí i. Wọ́n so ìwọ̀n mọ́ ẹsẹ̀ wọn: ìgbésẹ̀ dínkù. Ọ̀rá ni ó ti wọ ẹsẹ̀ ọmọ kí iṣan rẹ̀ tó lágbára láti gbé e.

Àwa kò wí pé ọpọlọ kò ní iṣẹ́. Ohun tí Thelen àti Linda Smith kọ́ni nínú ìwé wọn ti ọdún 1994 ni pé kò sí baálé kan tí ń dá pàṣẹ. Ọpọlọ, iṣan, ìwọ̀n ara àti ibi tí ọmọ wà ń ti ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, láti inú èyí ni ìṣe sì ti ń jáde.

Ìbáṣe pé ti ẹsẹ̀ nìkan ni, à bá fi í sílẹ̀ fún àwọn oníṣègùn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ èrò pẹ̀lú. Jean Piaget ti Swítsálandì ti rí i pé, bí a bá fi ohun ìṣeré pamọ́ sí ibì kan léraléra lójú ọmọ bí oṣù 9, tí a sì wá fi í pamọ́ sí ibòmíràn lójú rẹ̀ kedere, ibi ti ìṣáájú ni yóò nawọ́ sí. Ó dá a lẹ́jọ́ pé òye ọmọ náà nípa ohun tí ó fara sin kò tíì pé. Ẹjọ́ ńlá ni èyí lórí ẹni tí kò lè fọhùn! Ní ọdún 1999, Smith, Thelen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ọmọ tí ó ti jókòó nàró kí wọ́n tó lo ibi kejì: àṣìṣe náà dínkù gidigidi. Ìnàró kò lè kọ́ ọmọ ní òye ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ tí ó ti nà sí ibì kan léraléra ni ó ti la ipa fún ara rẹ̀. Nígbà tí ìdúró ara yí padà, ipa náà kò fà á mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá.