Mínírà àti búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán o! Bí ẹ ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ṣúgà tó ti di bárakú

Tó bá ti di nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ní Ládípọ̀, l'Ékòó, tàbí kẹ́ ẹ gba ìsọ̀ àwọn aláṣọ kọjá ní Gbági, n'Íbàdàn. Oòrùn ń ta, ebi ń pa, oníbàárà ò sì jẹ́ kéèyàn dìde lọ wá oúnjẹ gidi jẹ. Kí ló kù? Mínírà tútù kan àti búrẹ́dì ni. Wọ́n á gbé e mì, ojú á là, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó fi máa tún rẹ̀ wọ́n. Ẹnu á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ò ṣàjèjì nínú ọjà:

"Ìwọ ọmọ yìí, sáré lọ ra ọ̀kan tó tutù dáadáa wá, ó ń rẹ̀ mí."

"Màmá, ẹ mà ti mu méjì láti àárọ̀ o."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ sanwó ẹ̀ ni? Lọ rà á wá jàre!"

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti kúrò ní òùngbẹ? Ó ti di bárakú nìyẹn.

OWÓ ÈLÉ NI

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní owó èlé. Ọjọ́ téèyàn yá a, inú ẹ̀ á dùn. Ọjọ́ tí olówó bá dé, ohun tó máa gbà lọ á ju ohun tó yáni lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agbára tí ṣúgà ń fúnni.

Ṣúgà tó wà nínú mínírà kì í pẹ́ nínú ikùn rárá, kíá ló ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara á wá tú ohun kan tí àwọn dókítà ń pè ní insulin jáde láti kó o kúrò níbẹ̀. Nígbà tó bá kó o kúrò tán, ebi á tún kanlẹ̀, ẹnu á tún máa wá adùn. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀pà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dà, wọ́n sì máa ń gbé èèyàn ró títí.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìgò mínírà yín dáadáa. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣúgà tó wà nínú 100ml jẹ́ gíráàmù 10, a jẹ́ pé gíráàmù 50 ló wà nínú ìgò 50cl. Ìyẹn á tó ṣíbí tíì 12! Ta ló máa bu ṣíbí ṣúgà 12 sínú ife kan tí kò ní pariwo? Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ohun tó dáa jù fún àgbàlagbà ni pé kí ṣúgà tó ń jẹ lójúmọ́ má ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ, ìyẹn bíi ṣíbí 6. Oyin wà nínú ìṣirò yẹn o.

Ìjọba àpapọ̀ náà dá sí i. Òfin ìṣúná ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kan mínírà aládùn. Náírà 5 péré nìyẹn lórí ìgò 50cl. Náírà 5 kọ́ ló máa dí ẹnu tó ń yúnni!

AGBO KÌ Í ṢE RỌ́BÀ ÌPARẸ́

Àwọn kan á ní, "Kò séwu, màá mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí lálẹ́, á fọ gbogbo ẹ̀ dànù." Ẹ má tan ara yín. Ewúro dáa lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n kíkorò kì í pa ṣúgà téèyàn ti mu rẹ́. Eyín tó ti jẹrà ti jẹrà náà nìyẹn, ọ̀rá tó ti kó síkùn ò sì ní torí agbo sá lọ.

Òótọ́ ni pé ṣúgà nìkan kọ́ ló ń fa àtọ̀gbẹ. Ó máa ń wà nínú ìdílé míì, sísanra jù àti àìrìn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu mínírà aládùn lójoojúmọ́ ń fa ewu ẹ̀ mọ́ra. Ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ ni àìsàn yẹn sì máa ń bà jẹ́. Ẹni tó bá ń tọ̀ léraléra, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tó ń rù láìnídìí, tàbí tí egbò ẹ̀ kì í tètè jiná, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.

BÁ A ṢE Ń ṢE É

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bó ṣe wọlé náà ló ṣe máa jáde.

Ẹ kọ́kọ́ jẹun. Ẹni tó fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ ò ní wá mínírà kiri bí ẹni tó gba ààwẹ̀ wọjà. Ẹ di ẹ̀pà sínú báàgì.

Ẹ dín in kù ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Tó bá jẹ́ hóró ṣúgà mẹ́rin lẹ fi ń mu tíì, ẹ lo mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà méjì. Ahọ́n á mọ́ ọn lára. Kúlíkúlí tàbí ẹ̀pà tó fún gààrì, kò dìgbà tí ṣúgà bá débẹ̀.

Ẹ mu omi tútù ná kẹ́ ẹ tó ránṣẹ́ sí mínírà. Lọ́pọ̀ ìgbà, òùngbẹ lásán ni. Tẹ́nu bá ṣì ń yún yín, ẹ jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ.

Ẹ sùn dáadáa, torí ẹni tí kò sùn tó ni adùn máa ń wù jù.

Ẹ ju owó mínírà sínú kóló. Ìgò méjì lójúmọ́ di ọgọ́ta ìgò lóṣù. Ẹ fi iye tẹ́ ẹ ń rà á ṣírò ẹ̀, ẹ ó rí i pé owó ọjà ni.

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, orí lè fọ́ àwọn míì, inú sì lè máa bí wọn. Á kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó má dá oúnjẹ ẹ̀ yí padà láìbá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bo o, ṣúgà ló nílò lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ìwàásù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dín in kù, ẹ kọ lẹ́tà wá, kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é, káwọn tó kù lè rí ọgbọ́n kọ́. Ìlera loògùn ọrọ̀.