Òjìji Tó Bo Ojú Medea

Bí ẹ bá dé mùsíọ́ọ̀mù Palais des Beaux-Arts ní Lille, nílẹ̀ Faransé, ẹ ó rí àwòrán kan tó ga ju ènìyàn lọ, nǹkan bíi mítà 2.6. Obìnrin kan wà nínú ihò àpáta, ó gbá ọmọkùnrin méjì mọ́ra. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé ìyá tó ń gba ọmọ rẹ̀ là ni, àfi tó bá wá rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Medea ni obìnrin náà. Nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, ọmọ ọba Colchis ni, létí Òkun Dúdú, ó sì mọ oògùn dáadáa. Oògùn yẹn ló fi ran akọni kan tó ń jẹ́ Jason lọ́wọ́ tó fi rí awọ àgbò onírun wúrà gbà. Ó kọ bàbá àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀lé ọkùnrin náà, ó bímọ méjì fún un. Nígbà tó yá, Jason pa á tì, ó lọ fẹ́ ọmọ ọba Corinth. Kí oró náà lè dun Jason dé egungun, Medea pa ọmọ ara rẹ̀ méjèèjì.

Eugène Delacroix ló ya àwòrán náà. Ọdún 1838 ló gbé e síta ní Paris. Romanticism ni wọ́n ń pe ìgbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìgbà Ìmọ̀lára. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà ayàwòrán ní Paris fẹ́ kí ìlà mọ́ gaara, kí ojú ẹni inú àwòrán sì balẹ̀. Àwọn ti ìgbà Ìmọ̀lára kọ̀ jálẹ̀: ìbínú, ẹ̀rù àti ìfẹ́ ni wọ́n fẹ́ yà, àwọ̀ ni wọ́n sì fi ń gbé e yọ.

Ọ̀dà epo ni Delacroix lò. Ìyẹ̀fun àwọ̀ tí a lọ̀ kúnná ni, tí a pò mọ́ epo irúgbìn flax. Kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Omi ara aṣọ ń fò lọ ni. Epo kì í lọ síbì kan, afẹ́fẹ́ ló ń fà mọ́ra tó fi ń le díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ayàwòrán máa ń ráyè po àwọ̀ kan wọnú òmíràn. Bí ìpele kan bá gbẹ, ó lè fi ọ̀dà tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá kùn ún lórí, kí òjìji lè jinlẹ̀ láìdi dúdú lásán.

Ẹ wá wo òjìji tó ṣe pàtàkì jù. Ìmọ́lẹ̀ tàn yòò sí àyà àti èjìká Medea, ṣùgbọ́n òkùnkùn bo iwájú orí rẹ̀ dé ojú. Ojú tí à bá wò ká mọ̀ bóyá àánú ṣì kù nínú rẹ̀, òun gan-an ni Delacroix fi pamọ́. Ó tún yí orí sí ìta àwòrán, bí ẹni pé wọ́n ń lé e bọ̀, a ò sì rí ẹni tó ń lé e. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ Euripides, òǹkọ̀wé eré ará Gíríìsì àtijọ́, ni èyí jọ jù: nínú eré orí ìtàgé tó fi ìtàn yìí ṣe ní ọdún 431 ṣáájú ìbí Kristi, inú ilé ni wọ́n ti pa àwọn ọmọ náà, igbe wọn nìkan ni òǹwòran ń gbọ́.

Ìjọba Faransé ra àwòrán yìí, wọ́n sì gbé e fún Lille. Delacroix tún Medea yà ní 1862, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Èyí kéré sí ti àkọ́kọ́. Inú Louvre, ní Paris, ni ẹ ó ti rí i.