Àga Ọmọdé Tí Í Di Ọkọ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ń bẹ ní ìdálẹ̀, yàrá kan tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ń gbé kò ní àyè fún àga ọmọdé, áḿbọ̀sì ohun ìṣeré. Ọ̀gbẹ́ni Kristian Vedel, ará Dẹ́nmáàkì, so méjèèjì pọ̀ ní ọdún 1957. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ra ni ó tẹ̀ bí ìlàjì àgbá, ó sì la ojú sí i lára, níbi tí a ń ki pákó ìjókòó bọ̀. Bí ọmọ ti ń dàgbà ni a ń gbé ìjókòó náà sókè. Bí ó bá dà á dùbúlẹ̀, ó di ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí ó wù mí níbẹ̀ ni pé Vedel kò ya ojú ẹṣin tàbí táyà sí i. Ọmọ ni yóò sọ ọ́ lórúkọ.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ tí a bí sí Kánò a máa yí àpótí ìjókòó ìyá rẹ̀ dojú délẹ̀, a sì wà á dé Ìbàdàn láì kúrò nínú yàrá. Ẹ jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò kan irú rẹ̀ kékeré fún un, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀, kí ìṣó má yọrí, kí ó sì fi ìfági fá etí rẹ̀ dáadáa. Ọ̀dà tí ó ní òjé ni kí ẹ sá fún jù lọ: ọmọdé a máa gé àga jẹ, òjé a sì máa ba ọpọlọ jẹ́.