Ẹ Ra Ẹṣin Tí Ó Ti Lo Òjò Kan Nílẹ̀ Wa

Ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ilẹ̀ wa ni ó ń wá ẹṣin rà. Àwọn kan ń fẹ́ ẹ fún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan fún eré pólò ní Ìbàdàn àti Èkó, àwọn mìíràn sì ń fojú sí ẹṣin gíga ilẹ̀ Jámánì tí ń fo ọgbà bí ẹtu. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olówó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa kí ó tó tú àpò.

Ẹṣin arẹwà lè má jẹ́ ẹṣin tí yóò yè. Láti ọdún 1735 ni àwọn ará Jámánì ti ń ṣa akọ ẹṣin jọ ní Celle, láti fi mú irú ẹṣin Hanover dára sí i. Ilẹ̀ olótùútù ni a ti tọ́ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀. Kò mọ eṣinṣin tsetse rí. Bí eṣinṣin yìí bá ta á, kòkòrò àìrí lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ibà a dé, ara a máa rù, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ a wú, ẹṣin náà a sì kú bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun ní Òkè-Ògùn. Ìgbòho ni Aláàfin Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ ti jọba, ẹni tí Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè, Tápà àti Haúsá, ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin. Nítorí pé ẹṣin kì í pẹ́ láyé níhìn-ín, rírà náà kò lópin, apá kan owó rẹ̀ sì ti inú òwò ẹrú wá. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń rajà kọ́kọ́ béèrè pé: Níbo ni ẹṣin yìí ti lo òjò èṣí? Irú ẹṣin kékeré tí ó ti pẹ́ ní agbègbè eṣinṣin, bí èyí tí àwọn Ìbàrìbá, aládùúgbò Ṣakí, ń gùn, a máa fara da àìsàn náà ju àlejò gíga lọ. Lẹ́yìn èyí, kí ó wo ìgẹ̀ẹ́rẹ́ eyín. Bí ó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ kò tó. Kí ó ka ọjọ́ orí láti inú eyín, kí ó mú un rìn lórí ilẹ̀ líle, kí dókítà ẹran sì fi awò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí a tó san owó. Ẹni tí ó bá kọ̀ kí a yẹ ẹṣin òun wò, ẹ fi ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba àti àwọn olówó dá ibùjẹ ẹṣin sílẹ̀ ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, níbi tí dókítà ẹran yóò ti máa tọ́jú ẹṣin òkè fún àsìkò òjò kan kí a tó tà á sí ìsàlẹ̀. Koríko kò wọ́n wa, bẹ́ẹ̀ ni darandaran.