Kí Ẹ Tó Sanwó Ọjà Tí Ẹ Fẹ́ Kó Wọlé

Bí ẹ bá dé Iweka Road ní Onitsha, ẹ ó rí páálí fóònù àti ràùtà tí wọ́n tò gègèrè síwájú ṣọ́ọ̀bù. Láti Ṣáínà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ìwé tó yẹ kó ṣáájú ọjà náà wọ Nàìjíríà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin oníṣòwò sọ.

Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ló gbé iṣẹ́ fífọwọ́ sí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lé NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí wọn kí á tó tà á tàbí kí á tó lò ó. Mọ́dẹ́lì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ yí páálí náà padà, kí ẹ ka nọ́ńbà mọ́dẹ́lì rẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ sí ti ìwé-ẹ̀rí NCC, ó lè jẹ́ pé ìgbì orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Fóònù GSM tó mọ ìgbì 850 àti 1900 ti Amẹ́ríkà nìkan kò lè gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì GSM tiwa, tó wà lórí 900 àti 1800. Kọ́ńténà kan irú rẹ̀ tó láti da òwò ọlọ́jọ́ pípẹ́ rú.

Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé-ẹ̀rí NCC àti àbájáde àyẹ̀wò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ìwé SONCAP tí SON, àjọ tó ń bójú tó ìdíwọ̀n ọjà, ń béèrè ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ti NCC. Àmì CE ilẹ̀ Yúróòpù náà kò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún búsítà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lágbára. Ẹyọ kan tí kò gba àṣẹ lè da ìpè gbogbo àdúgbò rú.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ tẹ *#06# lórí fóònù kí ẹ tó kúrò níwájú ọlọ́jà. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 15 tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu. Díjíìtì 8 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ló ń sọ irú fóònù tó jẹ́. Bí fóònù méjì bá gbé nọ́ńbà kan náà jáde, ẹ má rà á. Ẹ pe 622, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi tó NCC létí.