Ẹlẹ́rìí àti Ìwé: Ìforúkọsílẹ̀ Ìgbéyàwó ní Òkè-Ògùn àti ní Etí Ààlà

Ìfáàrà

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí, ìgbéyàwó kan ṣoṣo lè gba ètò mẹ́ta kọjá. Ẹbí méjèèjì á pàdé, wọn á ṣe ìdána. Àlùfáà á so yìgì, tàbí kí pásítọ̀ gbàdúrà fún tọkọtaya. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn á lọ buwọ́lùwé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Lójú àwọn tó wọ aṣọ òkè wá síbi ayẹyẹ náà, ìgbéyàwó kan náà ni gbogbo rẹ̀. Lójú òfin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ohun tó sì ń ti ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yọ nígbà ìkọ̀sílẹ̀, nígbà ikú tàbí nígbà ìrìnàjò kò dọ́gba.

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé àwọn òfin náà. Ohun tó fẹ́ fi hàn ni pé ìwé ìgbéyàwó kọjá òǹtẹ̀ tí a lù lé ohun tí ẹbí ti parí, nítorí ìwé ni ó ń sọ irú ìgbéyàwó tí tọkọtaya wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Òkè-Ògùn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ààlà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, Dàhòmì àná, kò jìnnà sí Ṣakí. Ẹni tí òfin ń pè ní àjèjì níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Yorùbá láti Ṣábẹ̀ tàbí Kétu.

Ohun tó sọ ọ́ di ìgbéyàwó

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ìpele mẹ́ta ni ó tò fún ìgbéyàwó: kí ẹbí ọkọ kọ́kọ́ fi èrò wọn hàn lórí ọmọbìnrin kan, kí ìṣíhùn wáyé láàrin ẹbí méjèèjì, lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó gan-an. Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ìṣíhùn, alárenà á ti rìn, àwọn àgbà á sì ti wádìí. Ṣé kò sí àrùn tó ń bá ìdílé náà jà? Ṣé ọmọ ilé ire ni? Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó ti dá ohun ìdána sílẹ̀ lórí ọmọ náà?

Owó orí ń tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n owó orí nìkan kò tó. Ìyọ̀ǹda òbí àti fífa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́ ló ń parí ètò náà, àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà pẹ̀lú sì ń wo nǹkan wọ̀nyí bí wọ́n bá ń wádìí bóyá ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kan wáyé ní tòótọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀: bàbá, ìyá, àwọn ìyàwó ilé, alárenà. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ múná dóko níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹlẹ́rìí wà láàyè, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá ti lọ, tàbí bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹ̀rí náà di àríyànjiyàn.

Ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ìbílẹ̀

Ìjọba ti gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìlànà kan kalẹ̀ lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà gẹ́gẹ́ bí òfin tirẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ wà lára rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1992 tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú di dandan tún mẹ́nu ba ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ó sì fi gbèdéke ọjọ́ 60 sí i. Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ka ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà ní Òkè-Ògùn, lára wọn ni Ìṣẹ́yìn, Ìwọ̀-Oòrùn Ṣakí tí olú rẹ̀ wà ní Ṣakí, Kájọlà tí olú rẹ̀ wà ní Òkèhò, àti Ìwàjówà tí olú rẹ̀ wà ní Ìwéré-Ilé.

Àìforúkọsílẹ̀ kò sọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ di asán. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fi í falẹ̀. Ìgbà tí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá nílò ìwé ìrìnnà, físà tàbí owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó ti kú ni wọ́n máa ń sáré lọ búra ní kóòtù pé àwọn ti ń gbé pọ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Ìwé ìbúra bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó búra. Kò lágbára tó àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe nígbà tí àwọn òbí méjèèjì ṣì jókòó. Bákan náà ni ìwé tí mọ́sálásí ń fún àwọn tí wọ́n so yìgì fún: ó jẹ́rìí sí yìgì àti sí sàdáákì, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbéyàwó náà di ti Òfin Ìgbéyàwó ìjọba.

Ìgbéyàwó alárédè

Èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìgbéyàwó kóòtù tàbí ìgbéyàwó alárédè ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1863 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe òfin rẹ̀ fún Èkó, wọ́n tún òmíràn ṣe ní 1884. Èyí tó wà lóde báyìí ti wà láti 1914, òun sì ni orí M6 nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004.

Ètò rẹ̀ lọ báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á fi ìwé ìkéde ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ní agbègbè tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Akọ̀wé á kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, á sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, tí kò sì tíì kọjá oṣù 3, akọ̀wé lè fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí ìyọ̀ǹda, bí wọ́n bá ti búra sí nǹkan mẹ́rin: pé ọ̀kan nínú wọn ti gbé agbègbè náà fún ó kéré tán ọjọ́ 15, pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ní ìyọ̀ǹda òbí, pé kò sí ìbátan tàbí ìdènà mìíràn láàrin wọn, àti pé kò sí èyí tó ti fẹ́ ẹlòmíràn lábẹ́ òfin ìbílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n lè ṣe ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì akọ̀wé tàbí ní ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, ní ìlẹ̀kùn ṣíṣí, níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tí kò tẹ̀lé ọ̀nà yìí lè jẹ́ ìbùkún, àmọ́ kì í ṣe ìgbéyàwó alárédè.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdí láti tako ìgbéyàwó náà lè kọ ọ̀rọ̀ ìdènà sínú ìwé àkọsílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ibùgbé rẹ̀ àti ìdí tó fi tako ó. Adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, iṣẹ́ alárenà ni ìkéde ọjọ́ 21 yìí ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé alárenà máa ń rìn dé agbo ilé, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ń dúró de ẹni tí yóò gba ibẹ̀ kọjá. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Òtu tàbí Tedé lè má gbọ́ rárá pé orúkọ ọkọ òun wà lára ògiri ní Ìbàdàn.

Òfin fi ìyà ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5 sí orí ẹni tó bá da ìgbéyàwó méjèèjì pọ̀ mọ́ ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìjọba gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń yọjú ni ìdí ogún.

Nígbà tí ogún bá délẹ̀

Àpẹẹrẹ kan ni ẹjọ́ Adégbọlá àti Fọ́láranmí ti 1921. Ọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́ ti fẹ́ ìyàwó nílé ní ìlànà ìbílẹ̀, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan, kó tó di pé ó dé àwọn erékùṣù Ìwọ̀-Oòrùn Íńdíìsì. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ obìnrin mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Àwọn méjèèjì padà wá sí Èkó, ọkùnrin náà sì kú síbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì náà kú, ó ti fi ilé náà sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún fún ẹlòmíràn. Ọmọ ìyàwó àárọ̀ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, ó sì jàre: ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀, nítorí náà ti ṣọ́ọ̀ṣì kò lè dúró. Ìyàwó kejì ní ẹ̀rí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti bá ọkọ rẹ̀ gbé títí ikú fi yà wọ́n. Síbẹ̀, ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe nílé láìní ìwé borí.

Lábẹ́ àṣà Yorùbá, àwọn ọmọ ló ń jogún bàbá wọn. Opó kò bá wọn pín in. Ìdí-igi ni ọ̀nà pínpín tó gbilẹ̀ jù, níbi tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ti jẹ́ igi kan. Orí-ò-jorí ni èkejì. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tó dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, fi ẹsẹ̀ ìdí-igi múlẹ̀. Ní ìdà kejì, òfin ìṣàkóso ogún tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1959 ní kí ogún ẹni tó ṣe ìgbéyàwó alárédè, tó sì kú láìkọ ìwé ìhágún, lọ sí ọ̀dọ̀ opó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ohunkóhun tí ì báà wù kí àṣà wí. Nítorí náà, obìnrin méjì tí wọ́n jọ gbé àdúgbò kan ní Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n ṣe ìdána kan náà, lè dé ọjọ́ opó wọn kí ọ̀kan ní ìpín nínú ilé ọkọ rẹ̀, kí èkejì má ní.

Ẹni tó ti òkè ààlà wá

Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 àti 1898 ló fa ìlà tó ya Ṣakí sọ́tọ̀ kúrò lára Ṣábẹ̀. Ìlà náà kò dá ìrìn dúró. A. I. Aṣíwájú, nínú ìwé rẹ̀ ti 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, fi hàn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ṣí kúrò lábẹ́ Faransé nítorí iṣẹ́ àfipáṣe àti ogun jíjà. Láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ òmíràn fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Àna kò ṣàjèjì sí àna.

Òfin ìgbéyàwó wọn ló yàtọ̀. Òfin ẹbí ti Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà 2002-07 tó jáde ní 2004, kò ka ìgbéyàwó kankan kún àyàfi èyí tí wọ́n ṣe níwájú aláṣẹ ìforúkọsílẹ̀ ìlú. Ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí Ìwé Òfin wọn ti pinnu ní December 2002 pé kíkó ìyàwó jọ lòdì sí ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin, nítorí náà ọkọ kan aya kan ni òfin náà mọ̀. Ìdána tí wọ́n bá ṣe ní Ṣakí di ìgbéyàwó lójú òfin Nàìjíríà. Bí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Ṣábẹ̀ láìdé iwájú aláṣẹ, òfin Bẹ̀nẹ̀ kò kà á sí ìgbéyàwó. Ọkùnrin tó ti ní ìyàwó ìbílẹ̀ ní Ṣakí lè fẹ́ èkejì ní ìlànà ìbílẹ̀ nílé rẹ̀. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú aláṣẹ ní Ṣábẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ-onílẹ̀ tún wà níbẹ̀. Abala 26 nínú Ìwé Òfin 1999 fún obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láàyè láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Kò fún ọkùnrin ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ ọmọbìnrin Nàìjíríà ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọkọ láti Kétu tó ń gbé Ìwéré-Ilé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ á ṣì jẹ́ àjèjì níwájú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 25 sọ àwọn ọmọ rẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà nítorí ìyá wọn. Ní ti ìyàwó láti Ṣábẹ̀, ẹ̀rí pé ó jẹ́ aya ọmọ Nàìjíríà ni ìpìlẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Láìsí ìwé, ọ̀rọ̀ àna àti alárenà nìkan ni yóò gbé lọ síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìkádìí

Àwọn àgbà kò ṣìnà nígbà tí wọ́n fi ìyọ̀ǹda ẹbí ṣe ìpìlẹ̀ ìgbéyàwó. Òfin Nàìjíríà pàápàá ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìṣòro wà níbi tí tọkọtaya bá rò pé ìwé kan dọ́gba pẹ̀lú òmíràn, tàbí pé àìní ìwé kò já mọ́ nǹkan. Ẹni tó bá yan ìgbéyàwó alárédè ti yan òfin ogún mìíràn, ó sì ti yan aya kan. Ẹni tó bá dúró sórí ti ìbílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ṣì wà láàyè. Ẹbí ìyàwó ní àtòkọ tí wọ́n máa ń gbé fún ẹbí ọkọ nígbà ìdána: iṣu, oyin, obì, orógbó, ataare. Kò sí ohun tó ní kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ má wà lára rẹ̀. Ọjọ́ ìdána gan-an ni wọ́n á jẹ obì náà tán. Ìwé á wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí opó tàbí ọmọ bá nílò rẹ̀.