Níbo Ni Kọ̀ǹpútà Náà Ti Dúró?

Kọ̀ǹpútà tí dískì rẹ̀ ṣófo lè gba Linux láti inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. PXE ni wọ́n ń pe ètò náà. 1999 ni Intel gbé ìlànà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù jáde. Ẹni tó ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà iléèwé ló mọ oore rẹ̀: á to ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, á wá fi Clonezilla tàbí FOG da ẹ̀dà dískì kan ṣoṣo sórí gbogbo wọn.

Bí iṣẹ́ bá kọ̀, ẹ̀dà dískì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń di ẹ̀bi rù. Ìkánjú nìyẹn. Ibi tí ẹ̀rọ dúró sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń kọ́kọ́ ké pé ta ni yóò fún òun ní àdírẹ́sì. DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì lórí sáfà, ló yẹ kó dá a lóhùn. Bí àmì àṣìṣe PXE-E51 bá yọ lójú ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ má tíì fọwọ́ kan sáfà o. Ẹ wo switch ná. Switch tó ń lo spanning tree lè dá ojú ihò wáyà dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá tàn, ìgbà yẹn ni káàdì á ti ké títí tí yóò sú u. Àrà tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá ki switch kékeré olówó pọ́ọ́kú sáàárín, gbogbo rẹ̀ á ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìdí! Portfast, tó ń jẹ́ kí switch ṣí ojú ihò náà lójú ẹsẹ̀, ni oògùn rẹ̀.

PXE-E53 yàtọ̀: àdírẹ́sì dé, orúkọ fáìlì kò dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, router kan ló ti sáré dáhùn ṣáájú sáfà yín. PXE-E32 ní tirẹ̀ ń sọ pé TFTP, ètò tó ń fi fáìlì ránṣẹ́, dákẹ́. Firewall ni kí ẹ fura sí, ẹ sì rántí pé pọ́ọ̀tù 69 wulẹ̀ jẹ́ ibi tí a ti ń kan ilẹ̀kùn. Pọ́ọ̀tù mìíràn ni fáìlì ń gbà jáde.

Bí fáìlì bá dé tí ẹ̀rọ kò gbà á, ẹ bi í bóyá BIOS ni tàbí UEFI. pxelinux.0 jẹ́ ti BIOS. UEFI ń fẹ́ irú grubx64.efi, Secure Boot sì lè kọ èyí tí kò ní ìbuwọ́lù. Bí iyàn bá pọ̀, tcpdump lórí sáfà ni yóò parí ẹjọ́.

Pé PXE rí káàdì kò ní kí kernel Linux rí i: kernel nílò dráífà tirẹ̀. Ìgbà tí èyí bá ti yanjú ló tó kan ẹ̀dà dískì. Partclone, tí Clonezilla ń lò, ń da kìkì ibi tí nǹkan wà kọ, síbẹ̀ Clonezilla kì í sábà gba dískì tó kéré sí ti àkọ́kọ́, bí ohun inú rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Èyí tó ń rúni lójú jù ni ti Ubuntu Server: ẹ̀rọ méjì tí a dà láti inú ẹ̀dà kan lè máa gba àdírẹ́sì kan náà, nítorí ohun tó wà nínú /etc/machine-id ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ fún DHCP. Ẹ sọ fáìlì náà di òfìfo kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á kọ tirẹ̀ nígbà tó bá tàn. Kọ́kọ́rọ́ SSH tí gbogbo ẹ̀rọ jọ gbà látinú ẹ̀dà náà ńkọ́? Ẹ pa wọ́n rẹ́, kí ẹ sì fi ssh-keygen -A ṣe tuntun lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.